Akoto Tí Òòfà Kò Fẹ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ pálọ̀ mi, àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Akoto ogun mọ́kànlá ni mo tò sórí pákó tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri fún mi, gbogbo wọn sì dojú kọ àlejò bí ẹni pé wọ́n ń retí àṣẹ. Mo ti ṣàlàyé títí pé kò sí òkú kankan lábẹ́ wọn. Pásítọ̀ wa pàápàá, nígbà tó wá kí mi kú ìfẹ̀yìntì, orí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn ló ti gbàdúrà, àdúrà náà kò sì gùn.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Sabon Gari, ní Kano níbí, mo sì ń kọ́ wọn ní Yorùbá pẹ̀lú, fún àwọn tí òbí wọn bá fẹ́. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ní Yorùbá, wọ́n á dá mi lóhùn ní Hausa, a ó sì jọ gbà pé ẹ̀kọ́ ń lọ.

Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń kó akoto jọ kò ju adìyẹ kan lọ. Mo lọ ra tòmátì lọ́jà Yankaba lọ́jọ́ kan, mo bá adìyẹ kan tó ń mu omi nínú abọ́ irin níwájú ìsọ̀ oní-gwangwan, ìyẹn àwọn tó ń ra àlòkù irin àti agolo. Etí abọ́ náà fẹ̀ yí ká bí etí àwo ọbẹ̀, ihò kan ṣoṣo sì wà ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá dí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó dáadáa. Lẹ́yìn gbogbo àwòrán ogun tí mo ti yà sójú bọ́ọ̀dù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ogun fúnra rẹ̀ máa wà níwájú mi, adìyẹ sì ń mu omi nínú rẹ̀. Oní-gwangwan náà da omi nù, ó nu abọ́ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Adìyẹ náà tẹ̀ lé mi dé ẹ̀bá títì.

Láti ìgbà náà ni èmi àti oní-gwangwan yìí ti di ọ̀rẹ́. Hausa ni a jọ ń sọ. Ní èdè Hausa, hular kwano ni akoto ń jẹ́, ìyẹn fìlà abọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kwano lásán ló máa ń pè é lórí fóònù: “Malama, na samu kwano.” Ó ti rí abọ́ nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kwano kan náà ni wọ́n ń pe páànù tí a fi ń bo ilé. Lọ́jọ́ kan tó pè mí bẹ́ẹ̀, mo wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa níbí, mo dé Yankaba tòun ti ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ akoto, ìdì páànù àlòkù ni mo bá tó ti fi okùn dè sílẹ̀ dè mí.

“Malama, kwano nìyí.”

“Kwano orí ni mo ń wá.”

“Orí ilé náà, ṣebí orí ni.”

Mo kí i, mo padà sílé.

Àwọn èèyàn rò pé ojú la fi ń mọ ojúlówó akoto. Ojú ló máa ń kẹ́yìn. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀, torí akoto ogun ní ìwúwo kan tí kì í jọ ti agolo. Lẹ́yìn náà ni imú: ọ̀dà tó ti gbó kì í rùn mọ́, ọ̀dà àná á máa rùn bó ti wù kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ ra á tó. Lẹ́yìn náà ni èékánná, tí mo fi ń wá ibi tí ọ̀dà ti ṣàn bo ìpáàrà. Ìpáàrà ló yẹ kó jẹ ọ̀dà, kì í ṣe ọ̀dà ló yẹ kó bo ìpáàrà. Òwú tí wọ́n fi rán okùn ìgbàgbọ̀n náà máa ń sọ̀rọ̀, bí a bá fún un láyè.

Mo ní ìwé kan tí mo fàlà sí fún gbogbo èyí. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo kọ “ìtàn tí ẹni tó gbé e wá sọ” sí, òun ni mo sì fà ní tínrín jù. Akoto kò tíì parọ́ fún mi rí.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni òòfà. Kékeré ni tèmi, ara sípíkà rédíò tó ti kú ni mo ti yọ ọ́. Irú akoto elétí fífẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó fún ọmọ ogun nígbà ogun Bọ́mà, wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́ irin rẹ̀ kó lè le sí ọta, àdàpọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí òòfà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òòfà bá fò mọ́ ọn, ẹ rọra gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má wá gbé òòfà kiri kí ó máa bú akoto olówó akoto o. Irú èyí tí mo sọ yìí nìkan ni mo ń sọ.

Alhaja ọ̀rẹ́ mi ń se oúnjẹ tà ní Niger Street, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ la ti bí i, ibẹ̀ ló sì ti darúgbó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ọmọ ibo ni, ìlú bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni yóò dá fún yín, yóò sì fi agbo ilé kún un. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń fi mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ìjọ ni mí, Mùsùlùmí ni òun, mọ́ínmọ́ín náà kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó wọlé tọ̀ mí wá, kò jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé nǹkan kan tó fi ìborùn wé lé mi lórí itan bí ọmọ tuntun.

“Tíṣà, ẹ bá mi wo eléyìí. Ti bàbá mi ni.”

Mo ti mọ ìtàn bàbá náà. Ó lọ sógun Bọ́mà, ó padà, ó tẹ̀dó sí Kano, ó sì ń rán aṣọ títí ó fi kú. Èyí tí n kò mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ nílùú wọn. Àwọn ọmọ ìlú fẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú fún àwọn tó lọ sógun náà, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára ògiri. Nígbà tí wọ́n dé orí orúkọ bàbá Alhaja, àgbàlagbà kan ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ọkùnrin yẹn jagun. Ó ní télọ̀ ni, Kaduna ló jókòó sí tó ń rán ṣòkòtò fún ṣọ́jà. Wọ́n wá ní kí Alhaja mú ẹ̀rí wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé láti ọwọ́ ẹni tó mọ nǹkan ogun. Bí kò bá sí ẹ̀rí, kò ní sí orúkọ.

“Ẹ̀rí rèé,” Alhaja ní. “Ẹni tó mọ nǹkan ogun rèé. Ẹ kọ ọ́ kí n máa lọ, ẹ̀wà mi wà lórí iná.”

Mo tú ìborùn náà. Ìrísí akoto náà dára, orí rẹ̀ yí bìrìkìtì, etí rẹ̀ fẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbé e ni mo ti mọ̀. Ó fúyẹ́. Mo yí i po, mo rí ojú òòlù wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ bí ara èèyàn tí ẹ̀fọn jẹ. Òwú ọ̀rá ni wọ́n fi rán okùn rẹ̀. Níbi tí mo ti ń wá bí n óò ṣe sọ ọ́, mo mú òòfà jáde. Ó fò mọ́ akoto náà, ó ró kà.

Inú Alhaja dùn. “Ẹ ò rí bó ṣe dì mọ́ ọn. Irin gidi.”

“Alhaja, ẹ jókòó.”

“Mo ti jókòó, Tíṣà.”

“Irin ara mọ́tò ni. Àwọn tó ń na ara mọ́tò ló lù ú. Ẹni náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n akoto yìí kò dé Bọ́mà. N kò rò pé ó dé Kaduna pàápàá.”

Mo fẹ́ fi ìparí ọ̀rọ̀ yẹn pa á lẹ́rìn-ín ni. Kò yẹ kí n sọ ọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé.

“Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá ni eléyìí ti wà nínú àpótí mi,” ó ní. “Ẹ kọ̀wé náà, Tíṣà. Ta ni yóò fi òòfà kàn án nílùú wa?”

“Èmi ti fi kàn án.”

Ó wé e padà, ó sì dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú. “Mo gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ máa ń fún ọmọ ní òdo nítorí àmì ohùn.”

Kò purọ́ mọ́ mi. Jímọ̀ àkọ́kọ́ kọjá láìsí mọ́ínmọ́ín. Jímọ̀ kejì kọjá. Mo mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń jẹ mí, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ju bó ti yẹ lọ.

Ní Jímọ̀ kẹta, èmi ni mo dìde. Mo ra dàbínù dání, mo gba Niger Street lọ. Ìró òòlù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àbúrò Alhaja, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Zoo Road, ló wà lórí àkàbà, ó ń kan páànù ilé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àkàbà náà sì lè jù ú lọ. Alhaja di ẹsẹ̀ àkàbà mú, agolo ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó fi ojú gba dàbínù náà.

“Ẹ kú àtijọ́, Tíṣà.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Alhaja. Kí ló ṣe páànù yín?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ọdọọdún la máa ń kàn án kí òjò tó dé. Àṣẹ bàbá wa ni.”

“Àṣẹ tó ń jò,” àbúrò rẹ̀ ní lókè.

“Máa kàn án lọ, ìwọ.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi, bóyá nítorí pé ó rọrùn ju ọ̀rọ̀ akoto lọ. Ìgbà òjò ni bàbá wọn kú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, ó sì ń da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá bí àwọn ṣọ́jà àtijọ́ ti máa ń ṣe. Ohun tó sọ gbẹ̀yìn ni pé, “Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má jẹ́ kí kwano mi kùn.” Kwano ni páànù. Páànù tí ìṣó rẹ̀ bá sì dẹ̀, atẹ́gùn a máa mú un kùn bí oyin. Wọ́n wá ń kàn án. Ọdún yípo, wọ́n tún kàn án.

“Gbogbo ìṣó tuntun, ihò tuntun,” àbúrò rẹ̀ ní. “Nígbà ayé Bàbá, omi kì í kán sí yàrá rẹ̀. Àfi ìgbà tó kú.”

Mo ti ń gbìyànjú láti má ṣe tíṣà lọ́jọ́ náà. N kò lè mú un mọ́ra.

“Alhaja, ẹ dárí jì mí. Ṣé ó ní kó má kùn ni, àbí kó má kún?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo tún fẹ́ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹni tó ń kú lọ, Tíṣà. Ṣé ó máa fàmì sí i ni?”

“Torí pé páànù ilé kì í kún. Abọ́ ló máa ń kún.”

Òòlù dákẹ́ lókè.

Mo rán wọn létí ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nínú bárékè ayé ìgbà náà, Hausa ni wọ́n fi ń bá ṣọ́jà sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá wọ iṣẹ́ náà, Hausa ló máa fi kọ́ orúkọ ìbọn, orúkọ bàtà, àti orúkọ ohun tó dé sórí. “Kí ni Bàbá máa ń pe akoto rẹ̀?” mo bi wọ́n.

Àbúrò rẹ̀ ló dáhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Hular kwano.”

Yàrá bàbá wọn ni wọ́n gbé àkàbà náà wọ̀. Àbúrò Alhaja ṣí pákó àjà kan tó ti rà, ó ti orí bọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà ó gun òkè tán pátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tí à ń rí.

“Kí lo rí?” Alhaja bi í.

“Eruku.”

“Kí lo tún rí?”

“Aláǹgbá kan. Ó ń wò mí.”

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì na nǹkan kan sí wa. Ó wúwo. Kí n tó rí i ni ọwọ́ mi ti mọ̀. Akoto ni. Àbúrò Alhaja ní ó wà ní ìdojúsókè láàárín igi méjì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí páànù ti lu gan-an, eruku tó dì bí ìyẹ̀fun àkàrà ló sì kún inú rẹ̀ dé etí. Bàbá ló gbé e síbẹ̀ kó máa gba omi. Òun ló ń da omi rẹ̀ nù nígbà ayé rẹ̀, òun ló sì ní kí wọ́n máa bá òun dà á. Wọ́n fi ìgbọ́ràn kan ìṣó mọ́ orí ilé.

A fọ̀ ọ́ níbẹ̀ nínú báfù tí Alhaja fi ń fọ ẹ̀wà, àbúrò rẹ̀ kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ pé, ihò orí rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ọ̀dà kọlítà ni Bàbá fi dí i. Mo mú òòfà jáde. Alhaja di apá mi mú. Mo gbé òòfà lé e, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e lé e, ó tún yọ̀. Ibi irin kékeré tí okùn ń gbà kọjá nìkan ló ti rí nǹkan dì mọ́.

“Ó kọ̀ ọ́,” Alhaja ní.

“Ó kọ̀ ọ́, Alhaja. Ohun tí à ń wá nìyẹn.”

Nígbà tí mo fi àkísà nu inú rẹ̀, èékánná mi kọ́ nǹkan. Ẹnì kan ti fi ìṣó họ ilà kéékèèké mẹ́ta sí apá ọ̀tún, mẹ́ta sí apá òsì, wọ́n dúró ṣánṣán, ìpáàrà sì ti jẹ wọ inú wọn pátápátá, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni họ láìpẹ́. N kò ní láti béèrè ohun tó jẹ́. Fọ́tò Bàbá wà lára ògiri lẹ́yìn wa, pélé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ojú rẹ̀ ló fi buwọ́ lù ú.

Alhaja jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Ohun tó sọ kò kàn mí.

“Ìwọ tó wà lókè. Èyí tó wà nínú àpótí mi ńkọ́?”

Ẹsẹ̀ tí à ń rí nínú àjà kò mì.

“Sọ̀ kalẹ̀.”

“Mo gbádùn ibí.”

Inú àjà ló ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá akoto yìí kiri ilé, ó ń sunkún, kò jẹun. Àbúrò náà bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń na ara mọ́tò pé kó lu ọ̀kan fún òun, ó sì gbé e fún Alhaja bí ẹni pé òun ló rí i. Ó ní òun rò pé òun yóò sọ fún un bí ẹkún bá ti dá, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹkún dá, Alhaja ti tì í mọ́ àpótí pẹ̀lú Kùránì. “Ta ló wá fẹ́ sọ ọ́?”

“Gbogbo ọdún yìí,” Alhaja ní. “Mo ń fi òróró pa ara mọ́tò.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run bá mi ṣe é, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ tún jà lórí ìwé náà. Mo kọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn mi. Mo kọ irú akoto tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n ń lo irú rẹ̀, ibi tí a ti rí i àti ẹni tó gbé e jáde. Mo kọ ọ̀rọ̀ ilà náà. Ó ní kí n fi kún un pé ó dájú pé bàbá òun jà ní Bọ́mà.

“Akoto náà kò sọ ìyẹn fún mi, Alhaja.”

“Ṣé inú òótọ́ yìí lẹ máa kú sí ni, Tíṣà?”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó sọ.” Mo wá kọ ọ́ pé: Ẹni tó ni nǹkan kan ṣoṣo kì í sàmì sí i. Ẹni tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tí akoto wọn jọra ló ń họ ojú ara rẹ̀ sínú tirẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà gbé e. Télọ̀ tó jókòó sí Kaduna kò ní ohun tó lè mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní ó dára ju tòun lọ, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó wọ̀ mí lórí.

Àbúrò rẹ̀ ló gbé akoto àti ìwé náà lọ sí ìlú bàbá wọn, ìyẹn wà lára ìjìyà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́ sórí fóònù Alhaja. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà ní ìlà kẹta. Wọ́n ní àgbàlagbà tó ń jiyàn ti fọwọ́ pa ilà inú akoto náà, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí àpò ìbọn bàbá òun náà nínú àjà.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Mọ́ínmọ́ín mẹ́rin ló dé, fóònù sì dún bí mo ti ń tú ewé èkíní.

“Tíṣà, a ti gbé akoto Bàbá lọ, ibẹ̀ sì ti ń jò kanlẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n gbé tara mọ́tò yẹn sínú àjà kó máa gba omi, títí a ó fi pààrọ̀ páànù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“Mo mọ ẹni tó ní páànù ní Yankaba. Ta ló ń da omi rẹ̀ nù?”

“Ta ló ní kí wọ́n lù ú? Ó wà lórí àkàbà báyìí.”

“Ẹ sọ fún un kó má jẹ́ kó kún o.”

Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù tiwọn láti inú fóònù.

“Tíṣà,” ó ní, “kún, àbí kùn?”